Àgbàlagbà àti Wàrà Màlúù: Ta Ni Inú Rẹ̀ Gbà Á?

Gbogbo ẹ̀dá tó ń fún ọmọ lọ́mú, láti orí eku dé orí erin, ló ń já ọmọ lẹ́nu ọmú bó bá yá. Ewúrẹ́ á ta ọmọ rẹ̀ nípàá, ajá á dìde kúrò láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ á fi ewúro pa orí ọmú. Láti ọjọ́ náà lọ, ara kò retí wàrà mọ́. Ènìyàn nìkan ló ń padà sídìí wàrà lẹ́yìn tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, wàrà ẹran mìíràn sì ni. Bóyá ara àgbàlagbà gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tàbí kò gbà á, ìdáhùn rẹ̀ kò dọ́gba káàkiri ayé. Ó sinmi lórí ẹni tó ń mu ún, lórí ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, lórí bó ṣe pọ̀ tó nínú ife, àti lórí ohun tí wọ́n fi wàrà náà ṣe kó tó kan ẹnu.

Ṣúgà inú wàrà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lactose, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Nínú mìlílítà 100 wàrà màlúù tútù, nǹkan bíi gíráàmù 5 ni ṣúgà yìí. Nínú ti abiyamọ, ó tó gíráàmù 7. Ṣúgà méjì tó so pọ̀ ni, glucose àti galactose, ìfun kò sì lè fà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ já méjèèjì kúrò lára wọn. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ lactase ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ara ògiri ìfun kékeré ló sì ti ń wá. Ọmọ tuntun ní in lọ́pọ̀ yanturu. Bí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú tán, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń dẹwọ́ lórí ọkọ́ nígbà tí kò bá rí ẹni rà á mọ́.

Nínú àgbàlagbà tí lactase rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ife wàrà kan á gba ọ̀nà mìíràn. Ṣúgà rẹ̀ á la ìfun kékeré kọjá bó ṣe wà, á sì máa fa omi mọ́ra bó ti ń lọ. Bó bá dé ìfun ńlá, àìmọye bakitéríà ló wà níbẹ̀ tí ebi ń pa. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀: haidrójìn, carbon dioxide, àti methane nínú àwọn ẹlòmíràn. Kò ní pẹ́ tí inú á fi máa kùn, ikùn á le bí awọ ìlù, ìsó á máa lé ara wọn, nígbà mìíràn ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn dókítà fi ń yẹ ènìyàn wò. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò kò ní jẹun mọ́jú. Láàárọ̀, á fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, á mu omi tí wọ́n po lactose sí, á sì tún máa fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mélòó kan. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe haidrójìn. Bakitéríà inú ìfun ló ń ṣe é, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí á gba ẹ̀dọ̀fóró jáde. Bí haidrójìn inú èémí bá fi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan lé sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, ó hàn gbangba pé ṣúgà náà ti sá kọjá ìfun kékeré láìdà.

Orúkọ tí ìmọ̀ ìṣègùn fún ipò yìí, tó túmọ̀ sí àìfaradà ṣúgà wàrà, ń mú kó dún létí bí àìsàn. Kì í ṣe àìsàn. Ìṣirò kan tó jáde ní 2017 nínú ìwé ìròyìn The Lancet Gastroenterology & Hepatology fi hàn pé nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn àgbáyé ni ṣúgà wàrà kì í dà dáadáa nínú wọn. Bí ara ènìyàn ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí wàrà ń dà nínú wọn títí dọjọ́ ogbó ni àyípadà bá, àwọn ni wọ́n sì kéré níye. Nítorí pé àwọn ènìyàn àríwá Yúróòpù wà lára wọn, tí àwọn náà sì wà lára àwọn tó kọ ìwé ìṣègùn ìgbàlódé, ó pẹ́ kí ayé tó gbà pé ẹni tí kò lè mu wàrà kò ní àbùkù kankan.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tí ara rẹ̀ ń bínú sí wàrà. Purotéènì inú wàrà ni ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá jà, kì í ṣe ṣúgà. Ara rẹ̀ lè sú, ètè rẹ̀ lè wú, èémí rẹ̀ lè fẹ́ dí, ìwọ̀nba tíntín sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọdé ló wọ́pọ̀ lára. Ti lactose kì í pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó ń ni ènìyàn lára ni.

Nàìjíríà kó ipa ńlá nínú bí ayé ṣe mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yà kan sí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, ni ọ̀pọ̀ ń rántí fún ipò Mínísítà Ètò Ìlera tó wà láti 1985 sí 1992. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, òun àti Norman Kretchmer, oníṣègùn ọmọdé láti Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn, fi ṣúgà wàrà dán àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà wò. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 1971. Nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí ẹni tí ṣúgà náà dà nínú rẹ̀. Nínú àwọn Fúlàní darandaran, èyí tó pọ̀ jù ló dà nínú wọn láìsí wàhálà. Àwọn Fúlàní tó ti di ará ìlú, tí wọ́n ti fẹ́ra pẹ̀lú Haúsá láti ìran dé ìran, bọ́ sí àárín.

Ìbéèrè kan ló tẹ̀ lé e. Ṣé mímu tí àwọn Fúlàní ń mu wàrà láti kékeré ló ń pa lactase wọn mọ́, àbí àjogúnbá ni? Ní 1975, Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lórí àwọn ìdílé Nàìjíríà. Àjogúnbá ni, ọmọ sì lè jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú òbí méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ènìyàn ṣì wà tí wọ́n ń fi ipá mu wàrà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìrètí pé lactase wọn yóò padà. Kò ní padà. Ohun tí mímu díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lè yí ni àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá, tí ìwà wọn lè rọ̀ díẹ̀ lórí ṣúgà náà, tí inú á sì dín kíkùn kù.

Ibi tí àjogúnbá náà fi ara pamọ́ sí kò hàn títí di 2002, nígbà tí àwọn onímọ̀ kan ní Finland, tí Leena Peltonen wà lára wọn, rí i. Kò sí nínú jíìnì lactase gan-an. Inú jíìnì tó múlé tì í, MCM6, ló wà, níbi tí lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ti yí padà, tí ìyípadà yẹn kò sì jẹ́ kí ara ti ilẹ̀kùn lactase bó ṣe yẹ kó tì í. Ní 2007, Sarah Tishkoff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí lẹ́tà mìíràn tó yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nínú àwọn darandaran Tanzania, Kenya àti Sudan. Àwọn Lárúbáwá tó ń sin ràkúnmí tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yá a lọ́wọ́ èkejì. Ẹ̀yà tó bá ti ń fún wàrà ẹran mu fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran ni ó ń bá. Ti àwọn Fúlàní nìkan ló ya ni lẹ́nu: lẹ́tà tí àwọn ará Yúróòpù ní gan-an ni wọ́n ní.

Ti Yorùbá, ilẹ̀ ló fà á. Nínú igbó kìjikìji àti ní etí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá wà, ibẹ̀ sì ni eṣinṣin tsetse ń gbé, èyí tí àìsàn tó ń gbé kiri ń pa màlúù. Màlúù kúkúrú tó lè fara da àìsàn náà kò ní wàrà púpọ̀, kò sì sí àṣà fífún wàrà rẹ̀ mu. Iṣu, ọkà, ẹ̀wà, epo pupa, ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ló bọ́ àwọn ènìyàn náà. Kò sí ìran kan tí wàrà ti dá ọmọ Yorùbá sí nígbà ìyàn, nítorí náà ìyípadà yẹn kò rí ohun tí yóò mú un gbilẹ̀.

Ìtàn Yúróòpù fúnra rẹ̀ kò sì rí bí àwọn ènìyàn ṣe rò ó. Richard Evershed ti Yunifásítì Bristol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ̀rá wàrà tó ti wọ ara ìkòkò amọ̀. Ní 2008 wọ́n fi hàn pé ìkòkò tó tó nǹkan bí 9,000 ọdún ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì ti gbé wàrà rí. Ní 2012, àwọn ìkòkò oníhò láti Poland, tó ti lé ní 7,000 ọdún, fi hàn pé asẹ́ ni wọ́n, tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ fi ń sẹ́ omi kúrò lára wàrà dídì. Síbẹ̀, nínú egungun àwọn ènìyàn àtijọ́, lẹ́tà tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà lè da wàrà kò wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń lo wàrà kó tó di pé inú wọn gbà á.

Kí ló wá mú kí lẹ́tà náà gbilẹ̀? Nínú iṣẹ́ tí Evershed àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn gbé jáde ní 2022, èrò wọn ni pé ìyàn àti àrùn ló ṣe é. Ẹni tó yó, tí ara rẹ̀ le, bí wàrà bá yọ ọ́ lẹ́nu, á ṣu, á sì gbàgbé. Ẹni tí ebi ti sọ di egungun, tí wàrà sì ni ohun kan ṣoṣo tó kù nílé, ìgbẹ́ gbuuru lè pa á. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọmọ tó jogún lẹ́tà náà yóò yè, aládùúgbò rẹ̀ yóò kú. Ìtumọ̀ yìí ló bá ẹ̀rí mu jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti mú wá, ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́ tí a bá rò ó dáadáa: agbára tí àwọn kan fi ń mu wàrà lónìí, ikú àwọn tí kò ní in ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn ará Mongolia fi ọ̀nà mìíràn hàn. Wàrà màlúù, ti ẹṣin, ti àgùntàn àti ti ràkúnmí wà nínú oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní lactase nínú àwọn àgbàlagbà wọn kò tó nǹkan. Wọ́n ń jẹ́ kí bakitéríà bá wọn jẹ ṣúgà náà kí wàrà tó kan ẹnu wọn. Nọ́nò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń pò mọ́ fúrà, ọgbọ́n kan náà ló wà nínú rẹ̀: bó bá ti kan, ṣúgà rẹ̀ ti dín kù, àwọn bakitéríà tó wà láàyè nínú rẹ̀ á sì tún bá ìfun da díẹ̀ nínú èyí tó kù.

Ọ̀nà tó súnmọ́ Yorùbá jù lọ ni ti wàrà dídì tí wọ́n ń gbé nínú igbá kiri ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Nínú gáà àwọn Fúlàní, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún màlúù láàárọ̀, obìnrin á sẹ́ wàrà náà sínú ìkòkò, á gbé e ka iná tí kò le. Á gún ewé bọmubọmu, á fi wàrà díẹ̀ pò ó, á sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò náà. Bí iná ti ń mú un, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í di, á pín sí méjì: èyí tó di funfun, àti omi ara rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Obìnrin náà á bu èyí tó di sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀, wàrà á sì gba ìrísí agbọ̀n náà. Inú omi tó ro kúrò yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà bá lọ. Èyí tó kù sínú wàrà ọ̀hún kò tó ohun tí yóò da inú ẹni púpọ̀ rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá rẹ sínú omi ara rẹ̀ ṣì ní díẹ̀ sí i ju èyí tó ro dáadáa. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wagashi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Yorùbá tí kò lè mu ife wàrà tútù kan tán lè jẹ wàrà díndín mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí inú rẹ̀ sì dákẹ́. Àwọn obìnrin gáà kò gbọ́ orúkọ lactose rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló jẹ́ kí wàrà bá àwọn aládùúgbò wọn lára mu.

Lóde òní, mílíìkì inú agolo àti ti oníyẹ̀fun ló kù tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀, nínú tíì, nínú ògì, lórí gàrí. A kò yọ ṣúgà kúrò nínú àwọn yìí. Omi ni wọ́n yọ, nítorí náà ti inú agolo ní ìlọ́po méjì ṣúgà tí wàrà tútù tó bá a dọ́gba ní, ìyẹ̀fun mílíìkì sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ní ṣúgà yìí. Ìwọ̀n ló ń ṣe ìdájọ́. Ní 2010, àwọn amòye tí National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà kó jọ gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ṣúgà wàrà kì í dà nínú wọn lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó tó ife wàrà tútù kan, láìsí ìnira tàbí pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ oúnjẹ mọ́ ọn, ó tún rọrùn sí i. Ìdí nìyí tí ṣíbí mílíìkì kan nínú tíì kì í ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan, tí ẹni tó bá lu agolo kan tó sì gbé e mu lẹ́nu sì fi ń sá lọ ilé ìgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé àwọn ọmọ Áfíríkà sọdá òkun pẹ̀lú. Ní 1966, Theodore Bayless àti Norton Rosensweig ti Johns Hopkins ní Baltimore yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun tí ara wọn le wò. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni ṣúgà wàrà kò dà nínú wọn. Àwọn aláwọ̀ funfun tó bá kò pọ̀. Wọ́n jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, tí wọ́n ń ra wàrà lọ́jà kan náà. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ìjọba ibẹ̀ ń fún gbogbo ènìyàn láti máa mu wàrà lójoojúmọ́ kò yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò bójú mu kí wọ́n fi inú ẹ̀yà kan ṣe òṣùwọ̀n fún ti gbogbo ayé.

Èyí kò sọ wàrà di májèlé. Oúnjẹ tó dára ni, ó ní purotéènì, ó sì ní kálísíọ̀mù tó tó mìlígíráàmù 120 nínú gíráàmù 100. Ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kò nílò wàrà nítorí pé inú rẹ̀ kò gbà á gbọ́dọ̀ rántí Jos. Àwọn oníṣègùn kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ̀ nítorí rickets, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1999 nínú The New England Journal of Medicine. Oòrùn kò wọ́n wọn. Kálísíọ̀mù ni kò tó nínú oúnjẹ wọn, tí ó jẹ́ ọkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ibi tí kálísíọ̀mù ti wá kò já mọ́ nǹkan kan fún egungun, bó bá ṣáà ti tó. Ẹja kéékèèké tí a jẹ tegungun-tegungun ní in, edé ní in, àwọn ẹ̀fọ́ kan ní in, irú náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí wàrà kò bá lára mu, ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn wọ̀nyí wà lórí àwo lóòótọ́, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi wàrà sílẹ̀ kí wọ́n má sì fi nǹkan kan dípò. Wàrà sóyà kò ní lactose rárá, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré bí ilé iṣẹ́ kò bá fi kún un.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ pátápátá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àgbàlagbà dẹ́rù ba abiyamọ. Ọmú ìyá ni lactose pọ̀ sí jù, inú ọmọ sì wà fún un. Oṣù mẹ́fà ọmú nìkan, kí ó sì máa bá oúnjẹ lọ títí ọmọ á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbani níyànjú. Lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tó le, lactase ọmọ lè lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ògiri ìfun rẹ̀ bó. Bí ìfun bá ti san, á padà. Ọmú kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ewu kan tún wà tí kò kan lactose rárá. Wàrà tútù tí iná kò kàn lè gbé ikọ́ ife ti màlúù àti àrùn brucellosis wọ ara ènìyàn, láìfi ẹ̀yà ṣe. Sísè rẹ̀ títí tó fi hó ló ń pa àwọn kòkòrò náà. Iná kò lè yọ ṣúgà rẹ̀.

Fún àgbàlagbà Yorùbá, nígbà náà, ife wàrà tútù kì í ṣe dandan, kì í sì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń kùn lẹ́yìn mílíìkì, kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó wo bí inú ṣe rí, kí ó tún wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ife lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń tẹ̀ síwájú láìfi wàrà ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, tàbí tí ènìyàn ń rù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti wàrà, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.